Ẹni tí wọ́n lè mú ni wọ́n lẹ̀dí mọ́: ọ̀rọ̀ Benitez àtàwọn ọmọ Chelsea

Gbogbo ìgbà tí Chelsea bá ti lé kóòṣì kan lọ, tí wọ́n mú òmíràn wọlé, ìjà kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, yálà ní Mushin ni o, ní Agége ni o, tàbí ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Àwọn kan á ní ẹni tó dé yìí ló máa tún ilé ṣe, àwọn kan á ní ẹni tí kò yẹ ni wọ́n gbé wá. Láti ọdún 2022 tí ẹgbẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ti ja ìjà yìí lórí Potter, wọ́n jà á lórí Pochettino tó ti ṣe kóòṣì Tottenham rí, wọ́n tún jà á lórí Maresca lọ́dún 2024. Bó bá sì ti gbóná dé ibì kan, ẹ máa gbọ́ tẹ́nì kan á pariwo pé, "Ẹ rántí Benitez o!" Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àtàwọn tó fẹ́ kóòṣì tuntun, àtàwọn tí kò fẹ́ ẹ, orúkọ Benitez kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí.

Èmi ní tèmi, n kò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Mo gbà pé àwọn ọmọ Chelsea ní ẹ̀tọ́ láti bínú lọ́dún 2012. Àmọ́ ẹni tí wọ́n kọjú ìbínú sí kọ́ ló ṣẹ̀ wọ́n, ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n gan-an sì jókòó sínú bọ́ọ̀kìsì àwọn ọlọ́lá, ó ń wò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọdé tó ń dárúkọ Benitez lónìí, wọn ò tíì máa wo bọ́ọ̀lù nígbà yẹn.

Ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, ni Chelsea gba ife ẹ̀yẹ Champions League fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìlú Munich ni wọ́n ti gbá a, nínú pápá Bayern gan-an. Bayern ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, ó wá ku díẹ̀ kí eré parí ni Drogba forí kan tiẹ̀ wọlé. Ó di pẹnárítì, Drogba yìí kan náà ló sì gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé. Mikel tiwa wà lórí pápá fún gbogbo ìṣẹ́jú 120. Àwọn tó wà l'Ékòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn mọ̀ pé oorun kò sí.

Roberto Di Matteo ni kóòṣì tó ṣe é. Ńṣe ni wọ́n kàn ní kó bá wọn di nǹkan mú nígbà tí wọ́n lé Villas-Boas lóṣù Kẹta ọdún náà. Kí wọ́n tó lọ sí Munich, ó ti kọ́kọ́ gba FA Cup, Liverpool ló sì nà gbà á, 2–1. Di Matteo kì í sì í ṣe àlejò, ọmọ ilé ni. Láti 1996 ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Chelsea. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Babayaro tiwa dé bá a níbẹ̀. Nínú àṣekágbá FA Cup ọdún 1997, eré kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi gbá góòlù sáwọ̀n Middlesbrough. Lọ́dún 2000, òun náà ló gbá ẹyọ góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Aston Villa. Nọ́ńbà 16 ló máa ń wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn.

Oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn Munich, Juventus nà wọ́n 3–0 ní Turin, ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n lé Di Matteo. Ọjọ́ kan náà yẹn ni wọ́n kéde pé Rafael Benitez, kóòṣì Liverpool tẹ́lẹ̀, ló máa bá wọn di ilé mú títí sáà náà á fi parí.

Benitez kẹ̀? Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà láàrin Chelsea àti Liverpool nígbà tí Benitez wà níbẹ̀, á rò pé ìwà ọmọdé làwọn tó ń bínú ń hù. Lọ́dún 2005, Liverpool rẹ̀ ló dínà Chelsea ní semifáìnà Champions League, pẹ̀lú góòlù Luis Garcia tí Mourinho ń sọ títí pé bọ́ọ̀lù náà kò kọjá ìlà rárá. Lọ́dún 2007, wọ́n tún pàdé níbẹ̀, Liverpool tún lé wọn padà sílé pẹ̀lú pẹnárítì. Lọ́dún 2008, ó kan Chelsea láti borí, àmọ́ kí wọ́n tó gbá a ni Benitez ti ń sọ káàkiri pé Drogba máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú. Nígbà tí Drogba gbá góòlù wọlé lọ́jọ́ yẹn, iwájú bẹ́ńṣì Benitez gan-an ló sáré lọ, ibẹ̀ ló ti fi ìkúnlẹ̀ yọ̀ lórí koríko. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti bọ́ọ̀lù nígbà yẹn, ó ti di ti kíkún ara ẹni lójú.

Ọ̀rọ̀ àsíá ló wá dunni jù. Lọ́dún 2007, wọ́n ń pín àsíá kéékèèké fáwọn ọmọ Chelsea nínú pápá pé kí wọ́n máa fì í. Benitez fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àwọn ọmọ Liverpool kò nílò kẹ́nikẹ́ni fún wọn ní àsíá, pé ọkàn ni tiwọn fi ń bá ẹgbẹ́ wọn lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ àwọn ọmọ Chelsea lára ni pé ọkùnrin yìí ń sọ pé owó ni wọ́n fi ra gbogbo ohun tí wọ́n ní, títí dórí ìfẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, òun náà ló wá jókòó sórí àga nílé wọn.

Ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá yẹn, ló kọ́kọ́ jáde sí wọn ní Stamford Bridge, Manchester City ni wọ́n fẹ́ gbá. Bí wọ́n ṣe dárúkọ rẹ̀ báyìí, ariwo tó sọ, ẹ ò ní í gbọ́ irú ẹ̀ fún kóòṣì ẹgbẹ́ tó wá bá wọn jà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ kóòṣì tiwọn. Wọ́n hó lé e lórí, wọ́n gbé bébà sókè pé àwọn ò fẹ́ ẹ. Nígbà tí eré pé ìṣẹ́jú 16, gbogbo pápá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin Di Matteo. Òmì ni wọ́n gbá lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí góòlù. Pàtẹ́wọ́ ìṣẹ́jú 16 yẹn kò sì dáwọ́ dúró títí sáà fi parí. Àgbàlagbà tó wá síbi iṣẹ́ ni, tí wọ́n ń fojoojúmọ́ kọrin ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sí i létí.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìjà náà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan ní èébú ni, pé ẹgbẹ́ tó gba Champions League kò gbọdọ̀ lọ máa wá kóòṣì tí Liverpool ti lò tì. Àwọn kejì ní kò kan àwọn. Wọ́n ní Victor Moses tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Wigan àti Mikel làwọn ń wò, kóòṣì tó bá ti fi àwọn ọmọ wa sórí pápá, ire ni. Mo rántí ọ̀gá mẹkáníìkì kan àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa ń jọ lọ wo bọ́ọ̀lù, tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ẹ̀ bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o, tí wọ́n bá gbé ẹni tó bú ìyá yín wá sílé yín pé kó máa se oúnjẹ, ṣé ẹ máa jẹ ẹ́?" Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Tó bá ti dùn, màá jẹ ẹ́. Ìwọ tóo ń bínú yìí, ta ló sanwó géètì fún ẹ lónìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi èsì ọ̀gá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, torí ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ.

Oúnjẹ náà kò kọ́kọ́ dùn. West Ham nà wọ́n 3–1. Wọ́n fi 6–1 fọ́ Nordsjælland, síbẹ̀ wọ́n já kúrò nínú Champions League ní ìpele àkọ́kọ́, ohun tí ẹgbẹ́ tó di ife ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ kò ṣe rí ṣáájú wọn. Wọ́n lọ sí Japan fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn kílọ́ọ̀bù, Corinthians ti Brazil gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, 1–0. Wọ́n padà délé, wọ́n gbá 8–0 sáwọ̀n Aston Villa ní ọ̀la ọ̀tunla Kérésìmesì, àní ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí pé Benitez mọ iṣẹ́, ó ti rí i. Ẹni tó sì ń wá ẹ̀rí pé kò mọ̀ ọ́n, kò ní í pẹ́ rí tiẹ̀ náà, torí bí wọ́n bá gbá eré ire kan tán, wọ́n á tún fi òmì ba òmíràn jẹ́.

Ara ọkùnrin náà kò gbà á mọ́ lóṣù Kejì ọdún 2013. Wọ́n ti na Middlesbrough 2–0 nínú FA Cup, síbẹ̀ orin náà ni wọ́n ṣì ń kọ. Bó ṣe jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó tú gbogbo rẹ̀ jáde. Ó ní àṣìṣe ńlá ni orúkọ kóòṣì fìdíhẹ tí Chelsea fún òun, ó ní àwọn tó ń kọrin tí wọ́n ń ṣe bébà ń fi àkókò ṣòfò ni, pé tí sáà bá ti parí, òun máa bá tòun lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ máa rí i pé àwọn olólùfẹ́ nìkan kọ́ ló ń bá wí. Ta ló fún un lórúkọ fìdíhẹ? Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ lójú gbogbo ayé pé kó máa jókòó de ẹlòmíràn, báwo làwọn ọmọ ilé á ṣe bọ̀wọ̀ fún un?

Síbẹ̀ náà, ní ọjọ́ 15, oṣù Karùn-ún, ọdún 2013, Chelsea na Benfica 2–1 ní Amsterdam. Torres gbá èyí àkọ́kọ́, Cardozo fi pẹnárítì dá a padà, eré ti parí tán ni Ivanovic fò sókè forí kan èkejì wọlé. Bí wọ́n ṣe gba Europa League nìyẹn. Victor Moses wà lára àwọn tó gbé wọn débẹ̀, ó gbá góòlù sáwọ̀n Basel nílé àti lóko ní semifáìnà, lẹ́yìn tí òun àti Mikel ti bá Keshi gba ife Áfíríkà ní South Africa lóṣù Kejì. Ní líìgì, Chelsea ṣe ipò kẹta pẹ̀lú máàkì 75. Frank Lampard tí gbogbo wọn rò pé wọ́n fẹ́ lé lọ fọ́ àkọsílẹ̀ Bobby Tambling, ó di ẹni tó gbá góòlù jù lọ fún Chelsea. Ká sọ tòótọ́, kóòṣì tó bá gba èyí nínú oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ń hó lé e lórí lójoojúmọ́, iṣẹ́ ló ṣe. Kò sì jẹ nínú ẹ̀. Àwọn àgbà ní orí tí wọ́n bá fi fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

Ta wá ló fi orí Benitez fọ́ àgbọn? Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sínú ilé. Bàbá kan ní ìyàwó, ìyàwó yìí se àsè tí gbogbo àdúgbò jẹ tí wọ́n ń ròyìn. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó se ọbẹ̀ kan, iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀, bàbá ní kó máa lọ. Kílẹ̀ tó ṣú, bàbá mú obìnrin mìíràn wọlé, obìnrin náà sì ni èyí tó ń bú àwọn ọmọ ilé nídìí ẹ̀rọ omi. Àwọn ọmọ bínú, wọ́n ní ẹ̀tọ́ ẹ̀. Àmọ́ bàbá ló ń san owó iléèwé, bàbá ló kọ́ ilé, wọn ò lè wo ojú bàbá. Wọ́n wá kọjú sí obìnrin náà, wọ́n ń da omi sí i lára. Ṣé obìnrin yẹn ló lé ìyá wọn ni?

Roman Abramovich ni bàbá yẹn. Láti 2003 tó ti ra Chelsea, tá a bá ka Ranieri tó bá níbẹ̀ mọ́ wọn, Benitez ni ìkẹsàn-án tó jókòó sórí àga náà. Ancelotti gba líìgì àti FA Cup pọ̀ lọ́dún 2010, ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé e níbi tó ti gbá eré tó kẹ́yìn, ní pápá Everton, kò tíì padà délé. Avram Grant gbé wọn dé àṣekágbá Champions League lọ́dún 2008, wọ́n pàdánù nínú pẹnárítì ní Moscow, òun náà lọ. Gbogbo wọn lọ, àwọn olólùfẹ́ ń ṣọ̀fọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, orin Abramovich sì wà lẹ́nu wọn síbẹ̀, torí owó rẹ̀ ni wọ́n fi ra Drogba, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ra Essien. Mi ò bá wọn wí. Ta ló fẹ́ kí olówó bínú lọ? Ìdí rèé tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi èsì ọ̀gá mẹkáníìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ń sanwó géètì ló ń pàṣẹ, àwọn ọmọ Chelsea sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tí wọ́n lè mú ni wọ́n lẹ̀dí mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ṣebí àwọn ọmọ Everton náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí Benitez yìí kan náà, tí wọ́n sì rí ohun tí wọ́n ń wá. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣe é. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni Everton gbà á, ọkùnrin tó ti pe ẹgbẹ́ wọn ní ẹgbẹ́ kékeré lọ́dún 2007. Kí wọ́n tó kéde rẹ̀, àwọn kan ti gbé pátákó ìhàlẹ̀ lọ sí tòsí ilé rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́, ìwà jàǹdùkú ni. Máàkì 10 ló kó nínú eré mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹnu àwọn tí kò fẹ́ ẹ kò ròkè. Nígbà tí nǹkan wá yíwọ́, tí Liverpool gbá mẹ́rin wọlé sí wọn nílé wọn, gbogbo gbèsè àtijọ́ ni wọ́n kó síwájú rẹ̀. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, Norwich nà wọ́n, wọ́n lé e lọ́jọ́ kejì. Ṣé Everton wá dára lẹ́yìn ẹ̀ ni? Alex Iwobi tó wà níbẹ̀ lè sọ fún yín. Sáà yẹn, díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n já sí ìpele kejì, sáà tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n tó mórí bọ́. Àwọn tó ń náwó nínàákúnàá nílé náà ṣì jókòó síbi tí wọ́n wà, bí Benitez ṣe ń di ẹrù rẹ̀.

Àwọn ọmọ Chelsea tiwa níbí rí tiwọn he lọ́dún 2013 náà. Bí Benitez ṣe lọ, Mourinho padà dé, wọ́n jó, wọ́n yọ̀, wọ́n ní bàbá wa ti délé. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà tó rìn jìnnà, Mourinho ti yá Victor Moses fún Liverpool. Liverpool o! Lẹ́yìn ìyẹn ó tún lọ sí Stoke, ó lọ sí West Ham, àfìgbà tí Conte dé lọ́dún 2016 ló tó rí ibi jókòó, tó sì bá wọn gba líìgì. Mourinho tí wọ́n ń jó fún yìí, nígbà tó gbé Manchester United wá sí Stamford Bridge lóṣù Kẹta ọdún 2017, Judasi ni wọ́n ń pè é. Ó na ìka mẹ́ta sí wọn, líìgì mẹ́ta tó gbà fún wọn ló fi ń rán wọn létí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tí àwọn olólùfẹ́ Chelsea kọjú sí onílé fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 2021, ni wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ 12 láti Yúróòpù fẹ́ dá líìgì tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n pè ní Super League, Chelsea sì wà nínú wọn. Kò sẹ́ni tó bi olólùfẹ́ kankan léèrè. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 20, Chelsea fẹ́ gbá Brighton. Àwọn èèyàn ò lè wọ pápá nígbà yẹn nítorí Kòrónà, ni wọ́n bá kóra jọ síta, wọ́n dí ojú ọ̀nà, bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù kò rí ibi gbà. Orin kóòṣì kọ́ ni wọ́n ń kọ lọ́jọ́ náà, àwọn tó ni ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bá wí. Petr Čech, tó jẹ́ gólí wọn ní Munich, tó sì ti wà lára àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ nígbà yẹn, jáde sójú títì, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn láyè.

Ibẹ̀ ni wọ́n ṣì dúró sí tí ìròyìn fi dé pé Chelsea ti fẹ́ yọwọ́ nínú ètò náà. Mi ò sọ pé àwọn nìkan ló ṣe é: UEFA ń halẹ̀, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń halẹ̀, Manchester City náà ti ń kẹ́rù tiẹ̀. Àmọ́ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé àwọn ń kúrò níbẹ̀. Àwọn tó wà lójú títì ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń fò sókè bíi pé Drogba ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbá pẹnárítì kan wọlé.

Wọ́n sún eré náà síwájú díẹ̀, wọ́n wá gbá a. Òmì ni, 0–0, níwájú Brighton lásán-làsàn. Mi ò tíì rí ọmọ Chelsea kan tó bínú sí kóòṣì nítorí ẹ̀.